Ẹsẹ̀ Ìbejì

Èrúwà ni wọ́n bí mi, Ìgbó-Ọrà ni mo lọ́kọ sí. Nígbà tí oyún àkọ́bí mi yọ, ikùn mi tóbi, ìyẹn sì tó fún wọn láti gbà pé ìbejì ni. Kò tíì sẹ́ni tó fi ẹ̀rọ wo inú mi, síbẹ̀ ìyá ọkọ mi ti ra fìlà òtútù méjì, àdúgbò sì ti ń pè mí ní Ìyá Ìbejì.

Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi títí ẹsẹ̀ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ ìbejì nìyẹn, ìyàwó. Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn." Ọwọ́ mi wú, òrùka kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìbejì ni. Orí ń fọ́ mi. Ìbejì náà ni. Bí mo bá sín, wọn á ní ìbejì ló ń sín. Bí mo bá jókòó, mo fẹ́ dìde; bí mo bá dìde, ara mi kò lélẹ̀. Ohun tó dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń ní àkẹ́jù ló ń bá mi jà. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò aboyún, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Nọ́ọ̀sì tó ń gba káàdì wo ikùn mi. "Ìyá Ìbejì, ẹ jókòó, ó máa kàn yín." N kò jókòó. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ọkọ mi sì ń fà mí láṣọ pé mò ń dójú ti òun.

Nọ́ọ̀sì mìíràn jáde, ó rí mi. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kí ló ń ṣe yín?"

Ìyá ọkọ mi ti lanu.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́."

Mo sọ gbogbo ẹ̀, mo sì sunkún. Kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, èmi ló sì kọ́kọ́ sọ fún: ó ti ga débi tó lè pa èmi àti ọmọ. Ó bá wa wọ ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá, ó ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún mi kí wọ́n tó ṣe é.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi kílẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ jáde, ìyá ọkọ mi ń wo ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì tó bá wa wá. "Ìkejì dà?"

Nọ́ọ̀sì náà fà á lọ́wọ́ wá síbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, ó nawọ́ sí mi. "Ìkejì rèé, Màmá."

Ìyá ọkọ mi dúró, ó ń wò mí. Nígbà tó yá, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ mi tó wú lé itan rẹ̀.

"Báwo ló ṣe ń ṣe ẹ́?" ló wí, ó sì ń retí kí n sọ̀rọ̀.