Ìyá Ìgò àti Páìpù Tuntun

Láti ọdún àkọ́kọ́ wa ní yunifásítì ni mo ti ń fi obìnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń fún mi lésì.

Iṣẹ́ ẹnjiníà ni èmi ń kọ́, òun ń kọ́ ìmọ̀ nípa àyíká. Kíláàsì ìṣirò ló pa wá pọ̀, níbi tí àwa ọmọ ẹnjiníà ti máa ń gba ìjókòó iwájú bí ẹni tí bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Agbálẹ̀ là ń pe àwọn tiwọn. "Ẹ̀yin agbálẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o!" Àwọn yòókù á bínú, òun á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń da ilẹ̀ rú." Nígbà tó di ọdún kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ru ìgò kiri. Kò sí odò, kànga tàbí gọ́tà tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tí kò ní bu omi rẹ̀ lọ wò. Bó bá ń bọ̀, ẹ ti máa gbọ́ ìró àpò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí òun fúnra rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyá Ìgò. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ọ̀gá àgbà wa níbi iṣẹ́ kì í pè é ní nǹkan mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni, ibi iṣẹ́ kan náà la bọ́ sí, iléeṣẹ́ tó ń pèsè omi fún ìlú. Èmi wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn páìpù, òun wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú láàbù, níbi tó ti ń yẹ omi wò. Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń fọ ìgò kan. Lẹ́yìn náà á gbé e sórí iná títí kòkòrò kankan ò fi ní kù nínú rẹ̀. Kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, títí kan èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti yunifásítì.

Oríṣi ìgò méjì ló ní. Ti omi odò ò ní nǹkan kan nínú. Ti omi ẹ̀rọ máa ń ní ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ nísàlẹ̀. Ìdí ni pé omi ẹ̀rọ ti ní kílórínì, oògùn tó ń pa kòkòrò. Bí o bá bu omi yẹn sínú ìgò lásán, oògùn náà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lójú ọ̀nà. Kí o tó dé láàbù, kòkòrò tó wà nínú omi ti kú, wàá sì máa rò pé páìpù mọ́. Ìyẹ̀fun náà ló ń dá oògùn dúró. Àmọ́ bí ìgò méjèèjì bá wà nínú páálí, ojú lásán ò lè dá wọn mọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ló fi máa ń sàmì sára páálí.

Páìpù tuntun ni ọ̀rọ̀ dé bá. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é, láti orí òkè níbi tí tánkì ńlá wa wà títí dé ilé ìgbẹ̀bí àti àwọn ilé tó yí i ká. Omi tí ọkọ̀ ń gbé wá ni wọ́n ń lò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi ń po wàrà fún ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá àgbà dá ọjọ́ ìṣíṣẹ́, ọjọ́ tí a máa ṣí omi náà, ó pe àwọn èèyàn pàtàkì. Ó wá ku wíwẹ̀ páìpù. A máa ń da kílórínì tó le kún inú rẹ̀, á sun ibẹ̀ ní ọ̀sán kan òru kan, ká tó tú u dànù. Aago mẹ́fà àárọ̀ la tì í pa. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gá àgbà ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo lọ bá bàbá tó ń ṣọ́ fáàfù tá a fi ń ṣí omi páìpù tá a sì fi ń tì í, bàbá tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Fáàfù, mo ní kó tú u.

"Ẹnjiníà, wákàtí mẹ́fà mà nìyẹn. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o."

"Bàbá, ẹ ṣáà tú u. Ọ̀gá ń dúró."

Ó tú u. Ó fa ìwé pélébé tó máa ń wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ yọ, ó kọ aago sí i, bó ṣe máa ń kọ gbogbo nǹkan. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé Ìyá Ìgò á ṣáà yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá dáa, màá tún un ṣe. Ó bu omi láti ojú ibi mẹ́rin lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí èsì jáde, kò sí kòkòrò kan ṣoṣo. Inú mi dùn débi tí mo fi ra ohun mímu fún gbogbo àwọn tó wà ní láàbù. Mi ò sọ fún un pé mo dín wákàtí kù, kò sì bi mí.

Lọ́jọ́ ìṣíṣẹ́ gan-an ni yunifásítì wa pe àwa méjèèjì pé ká wá sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ohun tá a rántí nípa ẹ̀kọ́ wa. Aago mẹ́wàá ni tiwọn, aago méjìlá ni ti fáàfù. Mo rò ó pé màá sọ tèmi kíá, màá sì sá lọ wo omi tí yóò tú jáde.

Gbọ̀ngàn náà kún. Mo sọ̀rọ̀ nípa afárá tá a fi igi ṣe ní ọdún kejì, tó wó lulẹ̀ lójú olùkọ́ wa, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìgò sọ fún wọn pé àwọn ẹnjiníà máa ń rò pé omi kì í ṣàìsàn, wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un ju tèmi lọ. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Wọ́n ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń bu omi fún àyẹ̀wò, àmọ́ a ò tíì fojú rí i. Kí ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò?"

Kò sí ìbéèrè tó lè dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ó ti mú ìgò kan dání nínú àpò rẹ̀, ó ní ọ̀kan nínú èyí tó ṣẹ́ kù lára páálí tí òun fi yẹ páìpù tuntun wò ni. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Ìsàlẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò," ló wí. "Wàá rí ìyẹ̀fun funfun kan tó..."

Ó yí ìgò náà, ó tún yí i. Mo rò pé eré ló ń ṣe fún wọn. Ìgbà tó gbé ìgò náà kalẹ̀ láìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ó jókòó tì mí, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí. "Ìgò odò ni. Páálí ti odò ni mo gbé lọ. Ṣọ́ọ̀kì ara rẹ̀ ti pa rẹ́, mi ò sì wo ìsàlẹ̀ ìgò. Èsì yẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Aago mélòó ló lù?"

Aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni. Mo sọ fún un.

"Kí wọ́n má ṣí i."

"Fara balẹ̀ ná," ni mo wí. "Omi náà lè mọ́ lóòótọ́. Jẹ́ kí wọ́n ṣí i, ká lọ bu òmíràn lọ́la."

Ẹnu mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Ara mi mọ̀ pé wákàtí mẹ́fà péré ni oògùn lò nínú páìpù yẹn. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn náà, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò lè mọ́. Lọ́kàn mi, mo sì ń rí ọ̀gá àgbà lẹ́bàá fáàfù, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ àti àwọn àlejò rẹ̀.

Kò bá mi jiyàn. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, ó pe Bàbá Fáàfù. Gbọ̀ngàn ti dákẹ́ débi pé a ń gbọ́ ohùn bàbá náà.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ ẹ, àmọ́ mi ò lè gba àṣẹ fáàfù lẹ́nu ẹ. Ọ̀gá ti wà lórí mi níbí. Àfi kí n gbọ́ ohùn Ẹnjiníà."

Ìyá Ìgò na fóònù sí mi. Ó ṣáà nà án sí mi, ó ń wò mí. Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Tí mo bá ní kí wọ́n má ṣí i, wọ́n á yẹ páìpù náà wò dáadáa, wọ́n á rí ohun tí mo ṣe. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á fi po wàrà. Mo fẹ́ sọ fún yín pé mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ irọ́ ni. Mo rò ó títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Lẹ́yìn náà ni mo gba fóònù.

"Bàbá, ẹ má ṣí i. Ẹ yọ ọwọ́ fáàfù, kẹ́ ẹ mú un lọ́wọ́."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn a bu omi mìíràn, pẹ̀lú ìgò tó ní ìyẹ̀fun. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí lọ sókè. Àwo àyẹ̀wò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kún fún kòkòrò, ó rí tóótòòtó káàkiri bí ara tí ẹ̀fọn jẹ. Ó jókòó sórí àga onígi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ọmọ tuntun ni mo fẹ́ pa yìí o. Èmi tí mò ń pariwo ìgò kiri."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, ọwọ́ mi wà nínú àpò ṣòkòtò, mo ní, "Ṣé Ọlọ́run ṣáà ti yọ wá."

Níbi iṣẹ́, èmi ni wọ́n ń yìn. Wọ́n ní Ẹnjiníà ò wojú ọ̀gá, ó dá iṣẹ́ dúró. Òun ni wọ́n ń wò ní ìwòkuwò, wọ́n sì ti yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ló kàn láti di olórí láàbù, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nílé, ìyàwó mi gbé oúnjẹ mi kúrò níwájú mi láìjẹ lọ́jọ́ kẹta.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹni tí wọ́n ń yìn kì í dorí kodò báyìí. Kí lẹ ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ó dáa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Mo jágbe mọ́ ọn. Kò jágbe padà, ìyẹn ló wá dùn mí jù.

Lọ́jọ́ kẹrin a tún páìpù wẹ̀, ọ̀sán kan òru kan gbáko. Ìyá Ìgò wá síbi fáàfù láti kọ aago sílẹ̀ fún àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ó ní kí Bàbá Fáàfù yá òun ní ìwé pélébé rẹ̀. Ó kọ ti ọjọ́ náà, ó wá ṣí ewé kan sẹ́yìn. Mo rí ìka rẹ̀ tó ń lọ sílẹ̀ lójú ìwé, tó sì dúró. Kò gbójú sókè. Ó pa ìwé dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún bàbá. "Ẹ ṣé gan-an, Bàbá."

Láti ọjọ́ náà, adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ wa, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Èsì tuntun jáde, ó mọ́, ìgò tó pé ni wọ́n fi wò ó, omi sì dé ilé ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ keje láìsí ayẹyẹ. Mò ń retí kó sọ ohun tó rí. Tí mo bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà láàbù, màá ní, "Ìyá Ìgò, ẹ kú iṣẹ́," á ní, "Ẹ ṣé." Kò fi nǹkan kan kún un.

Lọ́jọ́ kọkànlá, ìgbìmọ̀ jókòó. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n. Omi tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù ló wà níwájú wọn lórí tábìlì, ní iléeṣẹ́ omi! Tó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá Ìgò dìde, ó ṣàlàyé páálí, ṣọ́ọ̀kì, ìgò. Kò wá àwáwí kankan. Ó ní òun ni òun gbé e, òun ni òun ò wò ó.

Alága ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Ṣé gbogbo ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn?"

"Tèmi nìyẹn, sà," ló wí, ó sì jókòó.

Alága yí ewé ìwé rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ á dámọ̀ràn pé kí wọ́n mú un kúrò ní láàbù, kí ó lọ máa ka mítà láti ilé dé ilé. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Mo dìde, orúnkún mi gbá tábìlì, omi wọn dà.

"Ìgò rẹ̀ kọ́ ló kó kòkòrò sínú páìpù," ni mo wí. "Èmi ni. Wákàtí mẹ́fà ni mo fi wẹ̀ ẹ́. Ó wà nínú ìwé Bàbá Fáàfù. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó gba fóònù lọ́jọ́ yẹn, mo sì mọ̀ ọ́n ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń yìn mí."

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè fún wákàtí kan. Wọ́n fi òun sílẹ̀ sí láàbù, wọ́n ní kò ní di olórí lọ́dún yìí. Wọ́n gba páìpù lọ́wọ́ mi. Mo sá jáde lé e bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O ti rí i nínú ìwé yẹn," ni mo wí. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó yíjú sí mi. Mi ò tíì rí i kó bínú tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rò pé èmi nìkan ni mo fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò lè sùn. O wá síbẹ̀, o wò mí bí mo ṣe ń sunkún, o ní Ọlọ́run yọ wá. Ọjọ́ méje tó kù, ìwọ ni mò ń wò. Gbogbo àárọ̀ ni mò ń sọ pé á wọlé wá sọ ọ́ lónìí. O máa ń kí mi kú iṣẹ́."

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dárí jì mí.

"Mi ò tíì lè dá ẹ lóhùn," ló wí. Ó gba orí àtẹ̀gùn lọ sí láàbù, omi ilé ìgbẹ̀bí tọ̀sẹ̀ yẹn ń dúró dè é lórí tábìlì.