Òjé Tí Ìkíni Gé Kúrú

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajégúnlẹ̀ etí odò, lẹ́yìn Owódé Onírin, Ọlọ́run fi bàbá kan ta wá lọ́rẹ tí kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá jóná, ọmọ ló fà á. Bí omi bá wọlé, onílé ló fà á. Bí òjé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dà kò bá dọ́gba, èmi tí mò ń fẹ́ iná ni.

Apẹja ni Daddy mi. Òjé ni wọ́n máa ń so yí etí àwọ̀n ká kó lè tètè rì. Inú bátìrì mọ́tò tó ti kú ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Wọ́n á yọ́ ọ níwájú ilé, wọ́n á fi ìgbakọ onírin bù ú, wọ́n á dà á sáàárín pákó méjì tí wọ́n gbẹ́ ihò sí. Ẹ̀gbẹ́ iná náà la ti ń jẹ èkọ àti àkàrà, èkọ ọjọ́ yẹn a sì máa rùn bíi bátìrì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa nígbà náà pé májèlé ni èéfín òjé. A kàn ń jẹun wa ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Daddy kò lè jẹ́ kí èèyàn kọjá láìkí i. Bí wọ́n bá ti bu òjé, tí ẹnìkan sì ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ọwọ́ dúró nìyẹn. Wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ewúrẹ́ tó sọnù. Kí wọ́n tó ṣe àmín tán, òjé inú ìgbakọ ti ń dì. Kò ní kún ihò, ohun tó máa jáde kò ní ju ẹ̀wà lọ. Èyí tó wà lórí iná ní tirẹ̀ á ti gbóná jù. Á jó inú pákó, ihò á fẹ̀, òjé tó kàn á sì tóbi ju ekùrọ́ lọ. Mo mọ àwọn òjé náà débi pé mo ń fún wọn lórúkọ. Èyí tó kéré jù ni Ìyá Alákàrà, nítorí ìyá yẹn kì í kí èèyàn kó má ròyìn gbogbo ọmọ ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, èmi ni mò ń kúnlẹ̀, tí mò ń na ọwọ́ sókè, pé mo fẹ́ iná bí ẹni tébi ń pa. Bí Mummy bá fẹ́ gbèjà mi, Daddy á ní, "Ṣé ìka dọ́gba ni?"

Ìka kò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka kọ́ ni wọ́n ń jù sódò. Apá kan àwọ̀n á rì, apá kejì á léfòó, ẹja á sì rọra gba abẹ́ rẹ̀ lọ bí àlejò tó jẹun yó. Ẹ̀gbọ́n Daddy, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọlọ́kọ̀, ló ni ọkọ̀ tí wọ́n jọ fi ń pẹja. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú wọn, wọ́n wá sílé wa.

"Lásísì, tún òjé yẹn dà. Tí àwọ̀n ẹ ò bá ṣí lọ́jọ́ Àlàmísì, màá fi ẹlòmíì sáyè ẹ."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Àyè yẹn nínú ọkọ̀ ni oúnjẹ wa.

Mummy ló rí ọ̀nà àbáyọ. "Bàbá Rísì, ẹnu yín ló ń gé òjé yìí kúrú. Lónìí, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Èmi á máa bá yín dáhùn." Daddy wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ra sílẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n wọ́n kẹ̀yìn sọ́nà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òjé ń jáde ní dọ́gbadọ́gba bí ìlẹ̀kẹ̀. Inú mi ń dùn.

Mummy ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ wo ẹ̀wà lórí iná ni mo gbọ́ ohùn kan: "Lásísì, o kú iṣẹ́." Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni. Mo kúnlẹ̀. Daddy gbọ́, mo rí i bí ẹ̀yìn ọrùn wọn ṣe le. Ṣùgbọ́n òjé ti wà nínú ìgbakọ. Wọ́n dà á tán kí wọ́n tó yíjú padà dọ̀bálẹ̀. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ti lọ.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, àwọ̀n Daddy ṣí róbótó bí àtẹ. Gbogbo ará etí odò pariwo.

"Àwọ̀n ẹ dáa," Bàbá Ọlọ́kọ̀ sọ. "Ṣùgbọ́n ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Mi ò lè bá ẹni tí ò mọ̀ mí mọ́ jókòó nínú ọkọ̀ kan."

Wọ́n gbé àyè náà fún ọkùnrin kan tí àwọ̀n rẹ̀ kì í ṣí rárá, ṣùgbọ́n tó mọ ìdọ̀bálẹ̀ dáadáa. Daddy lọ ń ru àlòkù irin ní Owódé.

Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ṣe òjé àwọ̀n, kò sí èyí tó fi bíńtín ju èkejì lọ. Ọ̀làjú ti dé. Ní ilé tí mò ń gbé ní Ìkòsí, àwa aládùúgbò náà ti dọ́gba: kò sẹ́ni tó ń kí ẹnìkejì. Iṣẹ́ wa ń yá gan-an. Ọ̀dọ̀ mi ni Daddy ń gbé báyìí. Láràárọ̀, wọ́n á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa kí àwọn tó ń kọjá. Àwọn yẹn ti fi nǹkan dí etí, wọn kì í gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Daddy wọlé wá bá mi ní kíṣìnnì, omi wà lójú wọn.

"Rísì," wọ́n ní, "ẹnìkan kí mi."