Yísà púlọ́ḿbà àti Àbújá tó wà ní Basin

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Yísà fi gbé Àbújá láì kúrò ní Ìlọrin. Èmi ni mo bá a pa irọ́ náà mọ́, torí náà bí ẹ bá fẹ́ bá ẹnì kan wí, ẹ bá àwa méjèèjì wí pọ̀.

Olúdáre ni orúkọ mi. Tíṣà ni mí, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ilé oníyàrá mẹ́fà kan ní Basin, àdúgbò kan nínú Ìlọrin, ni mò ń gbé, yàrá Yísà sì kọjú sí tèmi. Púlọ́ḿbà ni. Yóò tó ẹni ogójì ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń rùn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páìpù, bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó. Kò níyàwó. Èyí tó fẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ tipẹ́, nígbà tó rí i pé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ṣùgbọ́n owó kò pọ̀ sí i. Wọn kò bímọ.

Agbo ilé kan lẹ́yìn Ọjà Tuntun ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí tó ń ṣe é. Bí ẹ bá bi mí, àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ dá owó lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú àwọn tó jẹ sàráà ìsọmọlórúkọ rẹ̀? Yísà lè wà nínú balùwẹ̀ ẹnì kan láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kó tú páìpù, kó tún un tò, kó fi ojúgun wọ́lẹ̀, kí ìyá onílé wá na ẹgbẹ̀rún méjì náírà sí i pẹ̀lú àwo túwó kan. "Ọlọ́hun á bù sí i, Yísà, ọmọ wa." Kí ló kù tó máa sọ? Àmí náà ni. Páìpù gan-an, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa lọ rà á wá láti ọjà, kó má baà rí nǹkan kan jẹ lórí rẹ̀. Àdúrà yẹn dára o, tọkàntọkàn ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò lè fi àmí se ọbẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó lọ tán, Al-Ameen pè é láti Àbújá. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Al-Ameen ní, "Kí lò ń ṣe níbẹ̀? Iṣẹ́ tí ò ń gba ẹgbẹ̀rún méjì fún, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún là ń gbà á níbí." Ìyá Yísà ta ewúrẹ́ kan láti fi kún owó ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo agbo ilé ló jókòó ṣàdúrà fún un, ó sì lọ.

Kì í ṣe irọ́ ni Al-Ameen pa. Wọ́n ń san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lóòótọ́. Ohun tí kò sọ ni pé àwọn márùn-ún ni wọ́n máa sùn sí yàrá kan lẹ́yìn ìlú, ọkọ̀ méjì ni wọ́n máa wọ̀ láràárọ̀ kí wọ́n tó débi tí àwọn olówó ń gbé, àwọn olówó náà kì í sì í fẹ́ pe púlọ́ḿbà tí kò ní mọ́tò àti ìwé ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kan iṣẹ́ á wà, ọ̀sẹ̀ méjì kò ní sí. Bí owó ńlá bá wọlé, owó ńlá ló ń jáde. Lẹ́yìn oṣù méje, Yísà wọ ọkọ̀ padà sí Ìlọrin pẹ̀lú báàgì aṣọ kan àti àpò irinṣẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kó lọ sílé. Ó sọ̀ ní gáréèjì, ó dúró, ojú sì tì í. Ó rántí ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ tà. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wá sí Basin, ó fi ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ gba yàrá. Ó ní òun á sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun á wá owó díẹ̀, lẹ́yìn náà òun á wọlé bí ẹni tó ń ti Àbújá bọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì pè é kó wá wo táǹkì omi rẹ̀ tó ń jò. Ó bi í pé èló. Yísà sọ fún mi pé táǹkì ni òun kọjú sí nígbà tí òun dá ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lé e. Obìnrin náà lọ mú un wá láti inú ilé, kò dúnàádúrà, kò sì ṣàdúrà. Kò mọ ìyá rẹ̀, kò mọ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà tí ì bá gba ẹgbẹ̀rún méjì fún lẹ́yìn Ọjà Tuntun ni, nínú ìlú kan náà, nínú ọ̀sẹ̀ kan náà.

Bí Yísà ṣe jókòó sí Basin nìyẹn. Iṣẹ́ ń wá. Ìparí oṣù ló máa ń pọ̀ jù, nítorí àwa òṣìṣẹ́ ìjọba, bí páìpù wa bá bẹ́ ní ààrin oṣù, àkísà là ń fi dì í títí owó oṣù á fi dé. Èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi kànga bá lọ sílẹ̀, wọ́n á máa pè é kó wá fi kún páìpù ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ó ra bẹ́ẹ̀dì, ó ra fáànù. Bí oṣù bá parí, ó máa ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì máa súre fún Àbújá.

Ṣé ẹ mọ bí irọ́ ṣe ń gba ìtọ́jú? Bí ìyá bá pè, Yísà á kọ́kọ́ ti fèrèsé, kí mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa má baà pèrun sínú fóònù, torí ìrun Mọ̀gàríbì Àbújá máa ń ṣáájú tiwa ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ìyá náà sì mọ̀ ọ́n. Bí ìyá bá ní "Ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín?", Yísà á ní òun ń bọ̀, á pe Al-Ameen kó bi í. Tó bá di Iléyá, á ní kí dẹ́rẹ́bà kan tó ń ná Àbújá bá òun ra ẹja gbígbẹ ní Lọ́kọ́jà, á fi erùpẹ̀ kun bàtà, á sì wọ agbo ilé wọn bí arìnrìn-àjò. Kò lè dé Challenge, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù páìpù wà, lọ ra nǹkan, ẹnì kan lè rí i. Èmi tíṣà ló ń rán. Mo bá ara mi nínú ṣọ́ọ̀bù tí mò ń bèèrè ẹ́líbò, ìyẹn ìgbọ̀nwọ́ páìpù, àti tápù bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ.

Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń kí i pé, "Ará Àbújá, ẹ káàárọ̀ o." Á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, ìlà ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń dúró sí, bí wọ́n bá sì ti sálámà, ó ti jáde kí ẹnikẹ́ni tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kì í lọ ibi ìsọmọlórúkọ, kì í lọ ibi òkú. Rédíò kékeré kan ló ní. Bí wọ́n bá ń ka ìkéde àwọn agbo ilé, á gbé e mọ́ etí, búrẹ́dì lọ́wọ́ kejì. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, inú rẹ̀ dùn: "Tíṣà, ọmọ Alfa wa ń ṣe yìgì lónìí! Rùkáyàt! Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ omi ilé wọn." Ìlù ìyàwó náà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ sí wa, òun sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń gbọ́ ìkéde rẹ̀ nínú rédíò. Àánú rẹ̀ ṣe mí lọ́jọ́ yẹn débi pé mo bínú sí i.

Mo ní, "Yísà, lọ sílé. Sọ òótọ́ fún wọn. Kí ni wọ́n máa fi ọ́ ṣe?"

Ó ní, "Tíṣà, bí mo bá sọ ọ́ lónìí, lọ́la ni wọ́n máa pè mí kí n wá wo páìpù. Ẹgbẹ̀rún méjì àti túwó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yàrá méjì fún Ìyá ná, kí n gbé e kúrò nínú ilé tó ń jò yẹn. Ọjọ́ tí mo bá parí rẹ̀ ni mo máa dé láti Àbújá, wálláhì."

Ohun tó ń tìtorí rẹ̀ dá wà nìyẹn: kí ìyá rẹ̀ sùn nínú ilé tó dára. Mi ò lè sọ pé kò dáa. Mo bá a lọ ra páìpù.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Bélú ọdún tó kọjá, a ò níṣẹ́ nílé-ìwé, mo wà nílé. Ó máa tó aago mẹ́sàn-án àárọ̀ nígbà tí fóònù Yísà dún. Àbdùlkàdírì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló pè. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ohùn ẹ̀gbọ́n náà sì ń ròkè, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Yísà, mú ọkàn le. Ìyá ti lọ. Àárọ̀ yìí ni. A óò sin ín lẹ́yìn ìrun Àìlà. A mọ̀ pé o ò lè bá a, Àbújá kì í ṣe itòsí. Má wulẹ̀ fi eré pa ara ẹ lójú ọ̀nà. Ọlọ́hun ló fún wa, òun ló gbà á."

Yísà ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo ní kó dìde, mọ́tò mi wà níta. Kò dìde. Ó ń wo ògiri. Nígbà tó yá ó ní, "Tíṣà, wákàtí mẹ́jọ ni láti Àbújá. Bí mo bá débẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ibo ni mo máa sọ pé mo ti ń bọ̀?"

Mo ní, "Sọ pé bàálù lo wọ̀."

"Púlọ́ḿbà wo ló ń wọ bàálù?" Ó wo aago ara fóònù rẹ̀. "Bí mo bá dúró di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbà á. Wọ́n á ní mo sáré. Wọ́n á máa kí mi kú ewu ọ̀nà."

Kí n sọ òótọ́, mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ṣé irú ọmọ tó fẹ́ jẹ́ nìyí, tí wọ́n máa gbé ìyá rẹ̀ sínú ilẹ̀ tí òun á jókòó sí Basin máa ka aago? Ọ̀rọ̀ tí mo sọ pọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ kò yẹ kí ọ̀rẹ́ sọ sí ọ̀rẹ́. Yísà jókòó síbẹ̀ títí aago fi lé ní mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ló dìde fúnra rẹ̀, ó ṣe àlùwàlá, ó wọ jálàbíà rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Nínú mọ́tò, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ bàálù náà fún un, bó ṣe máa sọ ọ́, aago tí ó gbéra. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

Àwọn ọkùnrin ti jókòó sórí ẹní níwájú ilé nígbà tí a dé. Alfa ń ka Àlùkùránì lọ́wọ́. Àbdùlkàdírì ló kọ́kọ́ rí wa. Ó dìde, ó fọwọ́ méjèèjì di Yísà mú, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Yísà! Ṣé bàálù lo wọ̀ ni?"

Ẹ wò ó, wọ́n ti bá a pa irọ́ náà tán. Kó ṣáà ti mi orí ni. Gbogbo wọn ló ń wò ó, wọ́n ti fẹ́ máa yìn ín, mo tilẹ̀ gbọ́ tí ẹnì kan ní ọmọ tó fẹ́ràn ìyá nìyí.

Yísà ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Basin ni mo ti ń bọ̀."

"Basin wo?"

"Basin wa níbí. Ibẹ̀ ni mò ń gbé láti ọdún mẹ́ta. Mi ò sí ní Àbújá."

Alfa dá kíkà dúró. Mo ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, mo tilẹ̀ ti múra láti gbèjà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Àbdùlkàdírì jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó dì mú, ó padà lọ jókòó sórí ẹní, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé ni ara Ìyá ti kọ́kọ́ gbóná," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àláásàrì, ó ní ká pe Yísà kó wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Èmi ni mo ní ká má pè ọ́. Mo sọ fún un pé Àbújá jìn, pé òru ni wàá fi rìn, ọ̀nà ò sì dáa. Ó ní òótọ́ ni, ká má dààmú ẹ."

Yísà dúró láàárín wọn, bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Láti Basin síbí, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ."