Ọjọ́ Tí Dhapu Pàtẹ́wọ́ fún Omi

Ọdún méjìlélógún ni Dhapu fi ń fara pamọ́ sẹ́yìn igi òdòdó nínú ọgbà kan ní ìlú Udaipur ní ilẹ̀ Íńdíà; iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí àlejò bá ti pàtẹ́wọ́ níwájú adágún kékeré inú ọgbà náà, Dhapu á ṣí ẹ̀rọ omi, omi á tú sókè, àlejò á sì máa pariwo ayọ̀ bí ẹni pé àtẹ́wọ́ òun ló pe omi.

Lọ́sẹ̀ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó ní òun náà á rìn kiri ìlú bí àlejò. Kò mú ẹnikẹ́ni dání. Ó rìn lọ sí etí adágún Fateh Sagar, ó ra àgbàdo sísun, ó jókòó wo àwọn ẹyẹ orí omi títí oòrùn fi mú. Lẹ́yìn náà ló yà sí ọgbà, ó sì pàtẹ́wọ́.

Omi ò jáde. Ó tún pa á, kò jáde.

Ohùn Sugna, ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ti ẹ̀yìn igi wá: “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀fọn lẹ ń pa ni? Ẹ pa á bí ẹni tó jẹun yó!”

“Ìyàwó, ṣí omi, jàre!”

“Ẹ kọ́kọ́ jó díẹ̀ ná.”

Dhapu ṣépè fún un tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì redí. Omi bá tú lù ú láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i, síbẹ̀ igbe ayọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sínú oòrùn kí aṣọ rẹ̀ lè gbẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì kánjú àtilọ sílé.