Elégédé Ìkórè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọ́dọ̀ Nàka Sí

Ọjọ́ tí elégédé ìkórè wa dà lé mi lára ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láéláé.

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkẹ́rẹ́ ni màmá mi gbìn ín sí. Ó ti ṣèlérí èyí tó tóbi jù fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ nàka sí i kó má baà jẹrà. Bàbá mi tó jẹ́ olùkọ́ pàápàá, ìkúùkù ló fi ń júwe rẹ̀ fún àlejò! Bẹ́ẹ̀, gbogbo òjò tó rọ̀, orí ilẹ̀ tútù ló sùn sí. Mo ní kí a fi pákó tẹ́ ẹ nídìí. Màmá ní kí n panu mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìkórè, a ti múra tán, mo lọ gbé e. Òkè rẹ̀ tẹ̀lé mi, ìdí rẹ̀ kù sílẹ̀. Omi rẹ̀ tó ń rùn dà sí aṣọ funfun mi, ìdin bọ́ sínú bàtà mi. Mo figbe ta.

Màmá sáré dé. “Ta ló nàka sí i nínú ulé yìí?”

Àbúrò mi tí kò débẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó mà sú mi o! Iṣu la gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́dún yìí, mo fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tẹ́ gbogbo elégédé wa nídìí. Ẹyọ kan kò jẹrà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bi Màmá bó ṣe ṣe é.

Ó rẹ́rìn-ín. “Àwọn ọmọ mi ti ń gbọ́ràn. Wọn kì í nàka sí i mọ́.”