Okùn Inú Koríko

Òórùn ẹrẹ̀ ló máa ń jí wa ní ilé tí a gbé ní Ajégúnlẹ̀ ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980, létí omi tó dojú kọ Snake Island, Erékùṣù Ejò, tí orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó láti dẹ́rù bà mí. Bí omi bá ti fà sẹ́yìn, àwọn akán á jáde láti inú ihò, wọ́n á máa ju apá kan ṣoṣo tó tóbi sókè bí ẹni tó ń kí èèyàn. Àbàtà ẹ̀yìn ilé wa kò fẹ̀ ju ilé mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n bí o bá fara balẹ̀ wò ó, gbogbo ọdún ló pé sínú rẹ̀. Nígbà òjò, òṣíbàtà á tan òdòdó funfun lójú omi. Á ṣí láàárọ̀, á sì ti padé kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo máa ń rí i. Gbọ̀ọ̀rọ̀ ayaba á fà gba orí iyanrìn pẹ̀lú òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tí àárín rẹ̀ dúdú díẹ̀. Bí òjò bá ń lọ, àwọn ẹyẹ olongo á bo koríko tó ti so, koríko á sì tẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, lékeléke á balẹ̀, funfun báláú, àwọn ọmọ àdúgbò á na ìka sí wọn, wọ́n á máa tọrọ èékánná funfun.

Ojú fèrèsé ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, ti ń wo gbogbo èyí, nítorí mo ti fòfin de ẹ̀yìn ilé fún un. Ejò ti bu ọmọ aládùúgbò kan jẹ ní kókósẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Akọ̀wé ni mí ní Liverpool Road, nítòsí èbúté ọkọ̀ òkun, iṣẹ́ mi sì ni láti rí i pé nọ́ńbà ara ẹrù bá ti inú ìwé mu. Bí mo ṣe ń yẹ ẹrù wò náà ni mo ń yẹ ọmọ wò nílé: ẹsẹ̀, apá, ẹ̀yìn etí. Ìyá onílé, arúgbó tí wọ́n bí sí etí omi yẹn, ló máa ń bá a jókòó tí n kò bá sí nílé, nítorí ìdálẹ̀ ni bàbá ọmọ ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń sọ orúkọ ewé àti ẹyẹ fún un. Òun náà ló kọ́ ọ pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a kì í pe ejò lórúkọ, kó má baà gbọ́ kó wá jẹ́ ìpè; okùn là ń pè é.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì kan nínú ọyẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà ni ọmọ yìí sáré wá bá mi.

“Màámi, okùn ńlá kan wà nínú koríko. Ó ká jọ. Nǹkan dúdú kan wà láàárín ẹ̀, ó ń wò mí.”

“Ó tóbi tó báwo?”

“Ó nípọn tó apá yín.”

Ọ̀kà, ejò olóró tó máa ń nípọn bẹ́ẹ̀, ni ọkàn mi lọ sí. N kò tún béèrè ohunkóhun. Mo ti fèrèsé pa, mo sì jókòó tì í títí ó fi sùn.

Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó mú, mo ti gbé kẹrosíìnì jáde, mo sì ti bẹ ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé yàrá kejì sí wa, tó ń jó irin fún àwọn ọlọ́kọ̀, tí Pidgin sì jẹ́ èdè rẹ̀, pé kó bá mi jó koríko náà.

“Madam, no fear. Fire go finish am,” ló wí, ó ń wọ́n kẹrosíìnì yí koríko gbígbẹ náà ká.

Ìyá onílé jáde tòun tọ̀pá. “Ìyàwó, kí lo fẹ́ jó láàárọ̀ kùtù yìí?”

“Ọ̀kà ni, Màámá. Ọmọ ló rí i lánàá.”

“Ọmọ ló pè é ní ọ̀kà?”

“Okùn ló pè é, bí ẹ ṣe kọ́ ọ.”

Ìgbà náà ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lu fèrèsé láti inú ilé. “Màámi! Okùn ni! Okùn gidi! Okùn ọkọ̀ ojú omi!”

Ọ̀gbẹ́ni ti ṣáná. Ó wo fèrèsé, ó wò mí, iná sì jó o níka kó tó fẹ́ ẹ pa. “Abeg, na rope or na snake?”

Ìyá onílé fi ọ̀pá ya koríko. Okùn ọkọ̀ òkun ni lóòótọ́, èyí tí omi ńlá ìparí òjò ti gbé wá. Koríko tó gbẹ tó sì wó ló ṣí i sílẹ̀. Láàárín rẹ̀, ẹyẹ omi dúdú kan sàba lórí ẹyin, ẹnu rẹ̀ yẹ́lò, ojú rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Kẹrosíìnì ń kán lórí koríko tó wà nítòsí rẹ̀, kò dìde. Ó kàn ń wò wá.

Ìyá onílé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Ẹ̀bi mi ni. Mo kọ́ ọmọ ní ohun tó máa pe ejò, mi ò kọ́ ọ ní ohun tó máa pe okùn.”

A gé gbogbo koríko tí kẹrosíìnì kàn, a rọra kó o dànù. Mo wọ bàtà òjò bàbá rẹ̀ fún ọmọ mi, mo dì í lọ́wọ́ mú, a sì jáde lọ wo ẹyẹ náà papọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹyin pa: àwọn ọmọ dúdú bí èédú, tí ẹsẹ̀ wọn tóbi ju ara wọn lọ. Nígbà tí òjò tún dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ka òdòdó òṣíbàtà ní àárọ̀ Sátidé.

Ẹyẹ náà yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọmọ mi yà mí lẹ́nu jù ú lọ. Ohun tó rí ló sọ. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Èmi tí mo ń fi àìṣàṣìṣe yangàn níbi iṣẹ́, èmi ni mo fi oró ejò sí i. Wọ́n ti fi iyanrìn dí àbàtà yẹn báyìí, ọmọ náà sì ti di ìyá ọlọ́mọ. Ẹ̀rù kò kúrò lára mi, kò sì ní kúrò, abiyamọ ni mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù mi kì í ṣáná mọ́ láì kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀.