Ẹsẹ̀ Ọ̀tún fún Àgbà

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu èrò ọjà, mi ò sì lá a lálàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá jókòó sábẹ́ igi ọsàn ilé mi ní Pobè nírọ̀lẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti inú oko ọ̀pẹ, àlá gan-an ló máa ń jọ. Àwọn kan wà ní Sakété tí wọ́n ń sọ títí dòní pé ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ Faransé rí. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Ẹni tí kò kúrò nídìí àpò gàrí rẹ̀ rí, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ọ̀nà òkun? Ọdún tí mo lò ní lékọ̀ọ́lù kò pọ̀, tíṣà ló lé mi jáde nítorí pé mo máa ń gbá ọsàn kiri nínú kíláàsì. Àmọ́ ohun tí ẹsẹ̀ mi mọ̀, kò sí tíṣà tó lè kọ ọ́ sójú pátákó.

Agbábọ́ọ̀lù àárín ni mí. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń lé ọ̀tá, ẹni tó wà níwájú ń gbá a sáwọ̀n, wọ́n á sì gbé e léjìká. Ẹni tó wà láàárín ló ni eré. Ó dà bí ọlọ́jà tó jókòó sí oríta: kò sí ẹrù tí kò ní gba iwájú rẹ̀ kọjá. Láti Pobè títí dé Àjàṣẹ́, mi ò tíì rí ẹni tó lè jókòó sí oríta náà bíi tèmi. Mi ò fọ́nnu. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ṣì wà láyé.

Ẹsẹ̀ òsì ni Ọlọ́run fún mi. Bí mo bá fi gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà á lọ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, tó mọ ilé tó ń lọ. Àmọ́ bàbá mi wà níwájú.

Ní gáà Pobè, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ojú irin parí sí. Òun ló máa ń yí ojú irin padà kí ọkọ̀ tó lè kọrí sí Sakété àti Àjàṣẹ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, síbẹ̀ òun ni balógun ẹgbẹ́ wa, òun náà ló máa ń gbá a wọlé. Dàhòmẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi mí sínú ẹgbẹ́ àwọn àgbà. Àsíá tuntun tó wà lórí òpó gáà kò tíì ṣá. Àwọn ará Ahoyéyé la bá gbá a lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, mo rí bàbá mi níwájú àwọ̀n àwọn ará Ahoyéyé, òun nìkan, kò sẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo fi òsì gbé e fún un. Ó balẹ̀ níwájú rẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹyẹlé.

Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó kẹ̀yìn sí àwọ̀n, ó sì wò mí.

"Ẹsẹ̀ wo lo fi fún mi?"

"Bàbá, ẹ gbá a! Ẹ gbá a wọlé!"

"Mo ní ẹsẹ̀ wo?"

"Òsì ni, Bàbá."

"Ṣé ọwọ́ òsì lo fi ń gbé oúnjẹ fún mi nílé?"

Ẹ má rò pé àwọn ará Ahoyéyé gba bọ́ọ̀lù náà o. Wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní, "Ẹ bá a wí dáadáa, Bàbá. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí!" Ẹni tó ń fọn fèrè, inú ilé wa ló ti fẹ́yàwó, kò fọn nǹkan kan. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ dúdú. Bàbá mi dá bọ́ọ̀lù padà fún mi, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbé e fún un, ó ní "O ṣé," ó yíjú padà, ó sì gbá a wọlé. Ìgbà yẹn ni àwọn ará Ahoyéyé ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí sáré.

Látìgbà náà, ó di òfin láàárín wa. Òsì fún ẹgbẹ́ mi àti àbúrò, ọ̀tún fún àgbà. Ní ilẹ̀ dúdú tó wà lápá ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ bí ẹ̀bà nígbà òjò, ni mo ti lọ kọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi níṣẹ́. Ẹni tó bá lè yí bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀ yẹn, kò sí ibi tí kò ní lè yí i. Ó wá di pé mo ní ẹsẹ̀ méjì níbi tí àwọn yòókù ti ní ẹyọ kan àti ọ̀pá ìtilẹ̀.

Sakété ni ayé ti rí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tá a lọ bá wọn gbá a, èéfín ọkọ̀ ojú irin àti ìkùukùu dà pọ̀ mọ́ra, igi ọ̀pẹ ń yọ nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó wá kí wa, a sì ń lọ, a ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ là ń gbà ni tàbí ojú ọ̀run. Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, àwọn obìnrin ẹlẹ́gàrí ti tò sí etí pápá.

"Ẹ̀yin ará Pobè, ṣé ilẹ̀ baba yín lẹ rù wá sọ́jà ni? Ẹ fọ ẹsẹ̀ yín o, kẹ́ ẹ tó tẹ pápá wa!"

Mo ní, "Ìyá, ẹ má ta gbogbo gàrí yẹn tán. Ẹ ó nílò díẹ̀ tó máa fa omijé yín gbẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a fi máa parí, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀pẹ Pobè tẹ̀ lé wa wá lọ́jọ́ náà. Ó pè mí ní Mùsíè, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ ní ìlú wọn, pé òun ò tíì rí ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì sọ̀rọ̀ báyìí rí. Bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n wá pè láti òkè òkun nìyẹn.

Ní àkókò yẹn, àwọ̀ kan bí omi ògì ti bẹ̀rẹ̀ sí bo ẹyinjú bàbá mi. Dókítà ní Àjàṣẹ́ sọ pé agbára òun ò ká a, pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣí wà ní ilẹ̀ Faransé, kí a má jẹ́ kó pẹ́ jù. Bàbá mi kò sunkún. Ó fọwọ́ wá èjìká mi, ó ní, "Lọ gbá a. Kí ìmọ́lẹ̀ tó tán lójú mi, mo fẹ́ rí ọ láàárín wọn." Ìyá mi, tó ń ṣe ìjọ aláṣọ funfun tó ti Àjàṣẹ́ wá, sìn mí dé Kútọnu. Ó dúró létí òkun láìwọ bàtà, ó ń gbàdúrà, omi ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé èrò láti inú ọkọ̀ kékeré sínú ọkọ̀ ńlá nígbà yẹn, bí ẹni gbé adìyẹ. Mo fò lókè omi, mo wo etí òkun, aṣọ funfun kan ṣoṣo ni mo rí, tó ń kéré sí i.

Ìlú tí wọ́n mú mi lọ, èédú ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí yìnyín, mo rò pé àpò ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ló tú sójú pápá. Gbogbo ohùn di jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀. Èéfín ń jáde lẹ́nu wa bá a ṣe ń sáré, mo sì ń wò wá bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin Pobè tí kò ní ojú irin.

Balógun ẹgbẹ́ wa níbẹ̀ ló wà níwájú, bíi ti bàbá mi. Irun orí rẹ̀ funfun bí òwú. Kí a tó jáde sí pápá, ó máa ń yọ eyín àtọwọ́dá iwájú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á dì í sínú áńkáṣíìfù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á sì wọlé. Ewú lórí, eyín ò sí lẹ́nu: kí ni àgbà tún fẹ́ jẹ́? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ kí i níbi tá a ti ń wọ bàtà. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé idán ni. Ojú kọ́kọ́ tì í. Nígbà tó yá, ó ń dúró dè é, ó tilẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

"Káàárọ̀," á sì fọwọ́ kàn mí lórí.

Òsì fún gbogbo wọn, ọ̀tún fún un. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn bi mí ìdí tí mo fi máa ń yí bọ́ọ̀lù sọ́tùn-ún kí n tó gbé e fún balógun. Faransé mi kò gùn. Mo ní, "Ìlú mi." Ó gbéjìká, ó lọ. Kò séwu níbẹ̀, torí mo yára. Kí ojú tó ṣẹ́, mo ti yí i, mo ti fún un, ó ti wọlé. Báyìí la ṣe ń gun òkè lọ, tí àwọn òyìnbó tó ń wòran fi ń pariwo orúkọ mi, tí wọ́n ń pè é bí ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gá tó ni ẹgbẹ́ náà pè mí sílé rẹ̀. Ó ní bí a bá bọ́ sí ipò àwọn ẹgbẹ́ ńlá, òun á fún mi nílé, òun á ránṣẹ́ mú bàbá mi wá, ọkọ àbúrò òun ni dókítà tó ń ṣí ojú. Bí a kò bá bọ́ síbẹ̀, òun ò ní lè dá àjèjì dúró mọ́. Ìdíje kan ló kù. Bí a bá ta ọ̀mì, a ti bọ́ síbẹ̀.

Ìkùukùu bo pápá lọ́jọ́ náà. Mo ń gbọ́ èrò, mi ò rí wọn. Ọ̀mì la ṣì wà nígbà tó kù díẹ̀ kí fèrè dún, bọ́ọ̀lù sì jáde látinú funfun yẹn, ó balẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ òsì, ó rọ̀ bí ọmọ tuntun. Mo gbójú sókè. Balógun wà níwájú àwọ̀n àwọn tá a ń bá gbá a, òun nìkan, orí rẹ̀ funfun nínú ìkùukùu, ó na ọwọ́ sí mi. Bàbá mi ni mo rí. Mo búra, ojú mi yìí ló rí i.

Mo yí i sọ́tùn-ún.

Ẹsẹ̀ ẹnìkan jáde látẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù ti lọ. Wọ́n gbé e lọ síwájú àwọ̀n wa, wọ́n gbá a wọlé, fèrè sì dún.

Níbi tá a ti ń bọ́ aṣọ, balógun jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Obìnrin kan wọlé, irun rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ ń dán, ó kúnlẹ̀, ó ń nu imú rẹ̀. Mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ni. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ni. Mo ní ìyá ta? Mo béèrè ọdún balógun, wọ́n fi ìka kà á fún mi. Mo fi ọdún méjì jù ú lọ. Irun àwọn kan nínú wọn máa ń funfun báyẹn láti ikùn ìyá. Bọ́ọ̀lù ló gbá eyín rẹ̀ yọ. Mo wo orí náà títí. Bẹ́ ẹ gbé irú orí bẹ́ẹ̀ wá sí Pobè lónìí, ọba á dìde fún un.

Apẹ̀rẹ̀ kan náà ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀ ní Kútọnu. Bó ṣe ń mì, bàtà bọ́ọ̀lù mi kan bọ́ látọrùn mi sínú òkun. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin, Sakété kọjá, àwọn ẹlẹ́gàrí ò dá mi mọ̀. Bàbá mi jókòó sí gáà Pobè. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sídìí ojú irin. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ọmọ mi dé," ó sì kọjú sí ibi tí mi ò sí.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́, àní ti ọdún balógun náà. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó wá bi mí pé:

"Ó hu ewú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Gbogbo orí."

"Eyín ńkọ́?"

"Kò sí níwájú."

"Àgbà ni nígbà náà," ni bàbá mi wí. "Ta ló ní kó máa hu ewú? Dìde ńlẹ̀. O ṣe ọmọ."

Mo dìde, mo dì í lọ́wọ́ mú, a gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ sílé.

Ohun tó sọnù nìyí. Bọ́ọ̀lù kan, láàárín òsì àti ọ̀tún. Ìdíje kan. Iṣẹ́ kan. Bàtà ẹsẹ̀ òsì kan. Ojú méjì.